Andy Sneap àti sítúdíò Backstage: ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni àbí ẹ̀rọ rẹ̀?

OkùnMéje

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àríyànjiyàn lórí bí Firepower, àwo ẹgbẹ́ mẹ́tà Judas Priest, ṣe dún kò fẹ́ tán bọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rọ olówó gọbọi ni, àwọn kan ní ọwọ́ Andy Sneap, pùròdúsà àwo náà, ni. Mo ní kí n ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ síbí, ká tú iṣẹ́ ọkùnrin yìí wò láti ìdí.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, 1969 ni wọ́n bí i. Dave Halliday, akọrin ẹgbẹ́ Hell, ló kọ́ ọ ní gìtá. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí Sabbat, ẹgbẹ́ thrash (mẹ́tà tó ń sáré) tó ń ta gìtá fún, fi gbé History of a Time to Come jáde ní 1988 lábẹ́ iléeṣẹ́ Noise ti Jámánì. Dreamweaver tẹ̀lé e ní 1989, Mourning Has Broken ní 1991, ẹgbẹ́ sì tú ká. Ìgbà yẹn ló wá kọjú sí iṣẹ́ sítúdíò. Backstage tó dá sílẹ̀ wà ní ìgbèríko Derbyshire títí di òní.

Ẹ wá wo ohun tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀: Pigwalk ti Stuck Mojo ní 1996, mix (pípa gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ pọ̀ di orin kan) The Gathering ti Testament ní 1999, Dead Heart in a Dead World ti Nevermore ní 2000, mix Alive or Just Breathing ti Killswitch Engage àti Deliverance ti Opeth ní 2002, Anthems of Rebellion ti Arch Enemy ní 2003, Tempo of the Damned ti Exodus ní 2004, Endgame ti Megadeth ní 2009, òun àti Dave Mustaine, Blood of the Nations ti Accept ní 2010, mix Surgical Steel ti Carcass ní 2013. Ní 2018, Firepower, tí òun àti Tom Allom jọ ṣe. Allom yìí ni pùròdúsà Priest láti 1979 títí dé 1988.

SM57 (máìkì), Peavey 5150 (áńpù), Tube Screamer (pẹ́dà gìtá), Pro Tools (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀): kò sí èyí tó ṣọ̀wọ́n nínú ẹ̀rọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Kí ló wá yà á sọ́tọ̀?

Béèsì_Abẹ́lẹ̀

Ìdánwò kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn. Enemies of Reality ti Nevermore jáde ní 2003, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà sì figbe ta lórí bó ṣe dún. Orin dùn, ohùn rú. Ní 2005 wọ́n tún un gbé jáde, Sneap ló ṣe mix tuntun. Àwọn olórin kan náà, orin kan náà, ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní náà ni. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra, ẹ óò rí i pé sínéà (ìlù kékeré tó ń dún gbàà) yọ jáde, gìtá òsì àti ọ̀tún sì yà síra.

Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ọdún 2005 kan náà ni This Godless Endeavor jáde, èyí tí Sneap dì mú láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìlù kalẹ̀. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mix tuntun yẹn. Àlàfo tó wà láàrin wọn kò kéré rárá. Ẹni kan náà ló ṣe mix méjèèjì o. Nítorí náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí mix tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ máa bi í léèrè.

Ọ̀gá_Wáyà

Béèsì_Abẹ́lẹ̀ ti fọwọ́ kan ojú egbò. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí gìtá, torí onígìtá ni Sneap fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwo mẹ́tà ti ń bàjẹ́.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ áńpù rárá, okùn ń bẹ. Gìtá tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ sí C kò lè gbé okùn 9–42 (ìnípọn okùn tó tínrín jù àti èyí tó nípọn jù, ní ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì). 11–56 tàbí èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ ló lè dúró. Tí okùn bá dẹ̀ jù, bí pick bá ṣe bà á gbàì, ohùn á kọ́kọ́ fò sókè kó tó padà wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ja okùn nínú orin gan-an ni kí wọ́n ja á nígbà tí wọ́n bá ń yí i. Ẹni tó fi ìka rọra tọ́ ọ, tí tuner sì sọ fún un pé ó pé, tó wá fi agbára já a nínú orin, ó ti ṣì kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ gbà, kí wọ́n má dúró di ìparí orin. Okùn tuntun fún orin kan tàbí méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ yìí fi le tó báyìí? Gìtá mẹ́tà kì í dá rìn. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ta á, ọ̀kan lọ sí òsì pátápátá, èkejì lọ sí ọ̀tún pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni nínú ọ̀pọ̀ àwo. Tí ọ̀kan bá wà ní 110 Hz, tí èkejì wà ní 111 Hz, ohùn méjèèjì á máa wú, á máa rọlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan: wúú, wúú. Kò sí EQ (ẹ̀rọ tó ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀) tó lè wò ó sàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni DI. Wọ́n ń pín ohùn gìtá sí méjì: ọ̀kan wọ áńpù lọ kí onígìtá lè gbọ́ ohun tó ń ta, èkejì wọ kọ̀ǹpútà ní tútù, láìsí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀. Ìdènà iná ní ẹnu ọ̀nà DI gbọ́dọ̀ tó 1 MΩ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí ohùn á kú. Kí òkè rẹ̀ má kọjá nǹkan bí −10 dBFS, ìyẹn 10 dB sí òpin ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà. Ní 24-bit kò sí ìdí láti tì í sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi noise gate (ẹ̀rọ tó ń pa ohùn tó bá rẹlẹ̀) gbà á. Èyí tó wà ní tútù yìí ni wọ́n á padà rán sínú áńpù lọ́jọ́ mìíràn, nígbà tí ìlù àti béèsì ti wà nílẹ̀, tí wọ́n lè mọ irú gìtá tí orin náà ń fẹ́. Bó ṣe ń gba iṣẹ́ ẹgbẹ́ tó wà ní ìlú tó jìnnà sí Derbyshire nìyẹn: wọ́n lè ta gìtá sílé ara wọn, áńpù Sneap ni yóò pa á láró.

Riff_Kékeré

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kí ló ń fà á tí DI fi máa ń hó, tó sì máa ń ní ìró "hùùù" lábẹ́, tí wọ́n bá dá a padà sínú áńpù?

Ọ̀gá_Wáyà

Ọ̀ràn méjì ló sábà ń fà á. Àkọ́kọ́, ẹnu tó ń ti inú interface (àpótí tó so ohùn mọ́ kọ̀ǹpútà) jáde lágbára ju gìtá lọ fíìfíì. Tí ẹ bá fi wáyà lásán so ó mọ́ áńpù, ojú ọ̀nà áńpù á kún kó tó dé ibi gain (ibi tí ìdọ̀tí ohùn ti ń wá). Àpótí reamp ló ń rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ tí ó sì ń jẹ́ kí áńpù rò pé gìtá ni. Èkejì, ilẹ̀ (earth) kọ̀ǹpútà àti ti áńpù ti so kọ́ra, hùùù yẹn sì ni 50 Hz iná mànàmáná. Ẹ tẹ bọ́tìnì ground lift lára àpótí reamp. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ kúrò lára púlọ́ọ̀gì áńpù láé, ó lè pa ènìyàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìwọ̀n: ta gìtá tààrà sínú áńpù, gbọ́ ọ. Kí o wá rán DI riff (ìlà gìtá) kan náà gba inú reamp, kí o máa yí kóòkù rẹ̀ títí ìdọ̀tí àwọn méjèèjì á fi dọ́gba. Ó tán.

Adélé_Áńpù

Kí n gba orí áńpù, ẹ̀gbọ́n ti gba DI.

Peavey 5150 tí gbogbo ayé ń pariwo yìí, 1992 ló jáde, 120 W, túùbù 6L6 mẹ́rin lẹ́yìn, túùbù 12AX7 márùn-ún níwájú. Gain rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó bá gbé e dé 8 ti sọnù. Ìdọ̀tí gìtá mẹ́rin tí wọ́n tò léra máa ń kó jọ; ẹ rẹ gain wálẹ̀ sí ibi tí gìtá ẹyọ kan á ti fẹ́ dún bíi pé kò tó. Tí mẹ́rin bá pé, yóò tó.

Níwájú rẹ̀ ni Tube Screamer. Drive ní òdo, tone ní àárín, level dé òpin tàbí kó kù díẹ̀. Iṣẹ́ pẹ́dà yìí kì í ṣe láti fi ìdọ̀tí kún un. Ó ń gé ìsàlẹ̀ ohùn dànù kó tó wọ áńpù, ó sì ń ti àárín síwájú. Tí ìsàlẹ̀ bá wọ ibi gain lódindi, gìtá á rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì.

Ẹ wá dé ọ̀dọ̀ sípíkà: àpótí Mesa 4x12, Celestion Vintage 30 mẹ́rin nínú rẹ̀. Wọn kì í dún bákan náà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ló wà lára wọn. Gbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mú ẹyọ kan. SM57 ẹyọ kan, nǹkan bí 2 sí 3 cm sí aṣọ iwájú àpótí, kí ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí fìlà àárín sípíkà ti pàdé pépà. Sún un sí àárín, ohùn á mú bí abẹ. Sún un síta, á ṣú. Sẹ̀ǹtímítà kan péré ń yí i padà ju kóòkù treble lọ, nítorí náà kí ẹ sún máìkì kí ẹ tó fọwọ́ kan EQ. Ẹnì kan ní yàrá áńpù kó máa sún un díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan ní iwájú sípíkà kó máa gbọ́. Ibi tí ariwo "kṣṣṣ" ti rẹlẹ̀ jù láìpa ẹnu gìtá, ibẹ̀ ni. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù sàmì sí i nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó fẹ́ ra 5150 tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ 120 V. Tí ẹ bá kì í bọ iná 240 V tiwa, fíúsì ló máa kọ́kọ́ lọ tí orí bá bá yín ṣe é. Tí kò bá bá yín ṣe é, transformer ni. Step-down tó lè gbé 500 W ṣe pàtàkì. Ẹ má sì tan áńpù onítúùbù láìso sípíkà mọ́ ọn.

Riff_Kékeré

Kí wá ni "C4" tí wọ́n máa ń fi orúkọ Sneap pè?

Ìyá_Sọ́ńdì

Ọmọ mi, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn. Sneap fúnra rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún dáhùn ìbéèrè àwọn ènìyàn lórí ojú-òpó Ultimate Metal, láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ C4 ti tàn ká. Plugin Waves ni, compressor (ẹ̀rọ tó ń tẹ ohùn tó bá ga jù mọ́lẹ̀) tó pín ohùn sí ọ̀nà mẹ́rin.

Wo ohun tó ń ṣe. Tí onígìtá bá fi ẹ̀bá àtẹ́lẹwọ́ tẹ okùn mọ́lẹ̀ nídìí tó sì ń ja á, ìsàlẹ̀ ohùn á wú lójijì: gùdù, gùdù, gùdù. Kọ́ọ̀dù tó ṣí kò wú bẹ́ẹ̀. Tí o bá fi EQ gé ìsàlẹ̀, gùdù á dínkù lóòótọ́, àmọ́ kọ́ọ̀dù tó ṣí á rù kan eegun. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo nínú mẹ́rin ni wọ́n ń lò, láti nǹkan bí 60 sí 300 Hz. Ta kọ́ọ̀dù tó ṣí, fa threshold (ibi tí compressor ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́) wálẹ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi fẹ́ mì, dúró níbẹ̀. Wá ta gùdù: kó fà á wálẹ̀ ní 4 sí 6 dB. Release (àkókò tó fi ń tú ohùn sílẹ̀) tó bá gùn jù, kọ́ọ̀dù tó tẹ̀lé gùdù á ti ẹnu ọ̀nà wọlé ní tínrín, lẹ́yìn náà kó tó sanra. Tí o bá gbọ́ ìyẹn, kúrú rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ tún ni béèsì. Ibi tí gùdù ń wú sí gan-an ni béèsì àti ìlù ẹsẹ̀ ń gbé. Béèsì náà, wọ́n máa ń pín in sí méjì: ìsàlẹ̀ 250 Hz ní tútù, tí compressor tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má mì, òkè rẹ̀ gba inú SansAmp (pẹ́dà béèsì) tàbí ìdọ̀tí mìíràn, kí etí lè gbọ́ ìka béèsì lórí fóònù. Tí méjèèjì kò bá bára wọn dé lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ á pòórá. Fa ọ̀kan síwájú tàbí sẹ́yìn lójú kọ̀ǹpútà títí wọ́n á fi bára mu.

ÀyànKìíṢiré

Gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa gìtá, mo fara mọ́ ọn. Ibi tí mo ti yapa ni ìlù. Ilé-iṣẹ́ Sneap wà lára àwọn tó sọ fífi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ rọ́pò ìlù di àṣà. Ẹ gbọ́ ìlù ẹsẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ àwo mẹ́tà lẹ́yìn 2000: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Omele tí kò mí. Ní tiwa, tí akọ omele bá lu ẹ̀ẹ̀kan, ìlù kejì kì í bá a dọ́gba, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Ìyá_Sọ́ńdì

Àyàn, mo gbọ́ ẹ. Ṣírò èyí ná. Orin tó ń lọ ní 200 BPM (igba òǹkà ní ìṣẹ́jú kan), tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń gbá ẹ̀ẹ̀mẹrin sí òǹkà kan: 75 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) ló wà láàrin ìgbá kan àti èyí tó tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ ènìyàn kò lágbára ìgbá tó le ní irú eré bẹ́ẹ̀. Ó ń rọ̀. Máìkì inú ìlù á gbọ́ pọ́, pẹ́, pọ́, pẹ́. Tí o bá fi compressor gbé àwọn tó rọ̀ sókè, ìró àwo idẹ (cymbal) tó yọ́ wọlé náà á gòkè, ìlù á sì máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń gbọn àwo. Ìdí tí wọ́n fi ń fi ohùn mìíràn ṣe àtìlẹ́yìn nìyẹn.

Ọ̀nà tó dára, tó sì bá ohun tí Sneap máa ń ṣàlàyé mu, ni kí ohùn náà ti ara ìlù náà wá. Ní òpin iṣẹ́ ọjọ́, kí wọ́n tó tú ìlù, kí onílù lu ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan: ìlù ẹsẹ̀, sínéà, tọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní líle, mẹ́jọ sí mẹ́wàá ní àárín, bẹ́ẹ̀ náà ní rírọ̀. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dún tán pátápátá kí èkejì tó bọ́ sí i. Kí gbogbo máìkì wà ní títàn, títí kan tòkè àti ti yàrá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí o ń gbọ́ yẹn, ohùn ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n tún lù ní ìgbà ẹgbẹ̀rún ni. Tí mẹ́wàá bá wà tí kọ̀ǹpútà ń mú u ní ìkọ̀ọ̀kan, etí kò ní mọ̀. Àti nínú blast (ìlù tó ń sáré kíkankíkan), sínéà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó rọ̀. Ẹni tó bá fi líle síbẹ̀ ti gbé òkúta sínú ìrẹsì.

ÀyànKìíṢiré

Èyí tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe é ló ń lo ti onílù náà.

Ìyá_Sọ́ńdì

Òótọ́ ni, ẹni tó jẹ́ ọ̀lẹ pọ̀.

Béèsì_Abẹ́lẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé tí wọ́n bá fi sample (ohùn ìlù tí wọ́n gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ yẹn) ti ẹ̀gbẹ́ máìkì: àkókò. Ara ohùn sínéà tó bá wà ní 200 Hz ń yípo ní 5 ms. Tí sample bá pẹ́ ní 2.5 ms péré, ó ti dojú kọ máìkì, ara sínéà á pòórá, kìkì òkè á ṣẹ́ kù. Wọ́n á wá máa fi EQ wá ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pa. Sún ojú kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, bẹ̀rẹ̀ sample níbi tí máìkì ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kí o sì gbọ́ ọ pẹ̀lú bọ́tìnì ìyípadà ní òdì àti ní òdodo. Èyí tó bá sanra jù ni.

Máìkì òkè náà bẹ́ẹ̀: mítà 1 jẹ́ nǹkan bí 3 ms. Fi okùn wọ̀n ọ́n láti àárín sínéà dé máìkì òsì, mú okùn kan náà dé máìkì ọ̀tún. Tí kò bá dọ́gba, sínéà á máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àti ìgékù: gbogbo ojú ọ̀nà ìlù ni kí a gé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni gé ìṣù iṣu. Ẹni tó bá sún sínéà nìkan, tó fi máìkì òkè sílẹ̀, á gbọ́ sínéà méjì. Gé e díẹ̀ ṣáájú orí ìlù, kí ìsopọ̀ jẹ́ 5 sí 10 ms.

OkùnMéje

ÀyànKìíṢiré ní ẹ̀rí kan sí i tó lè dì mú: Deliverance tí Sneap ṣe mix rẹ̀ ní 2002, Opeth tún un gbé jáde ní 2015 pẹ̀lú mix tuntun láti ọwọ́ Bruce Soord. Ó ṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìlù rẹ̀ mí. Ní tèmi, ti Sneap ṣì lágbára jù fún irú orin yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yan ti Soord kò ṣì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó, torí iṣẹ́ ni.

Akọ̀wé_Àpò

Ohun tó gbé Backstage ró ju ìlù àti gìtá lọ ni bó ṣe ń rówó wọlé.

Ìgbèríko: ilẹ̀ kò wọ́n bíi ti London, aládùúgbò kò sì sí tí yóò ké pé ìlù ti pọ̀ jù ní agogo mọ́kànlá òru.

Iṣẹ́ méjì sì ló ń ṣe, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà pọ̀. Tó bá jẹ́ pùròdúsà, ó wà níbẹ̀ láti ìlù dé ohùn ẹnu, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Owó ìbẹ̀rẹ̀ wà, lẹ́yìn náà ìpín nínú owó àwo, tí ó sábà ń jẹ́ 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún ní iṣẹ́ yìí káàkiri. Ìpín yẹn kì í ṣàn títí tí iléeṣẹ́ àwo yóò fi kó owó tó ná sí sítúdíò padà. Tó bá jẹ́ mix nìkan, iye kan fún orin kọ̀ọ̀kan ni, ọjọ́ kan sí méjì fún orin, owó sì wọlé láìdúró de títà àwo.

Nígbà tí títà sídíì wálẹ̀ lẹ́yìn 2000, owó tí iléeṣẹ́ ń kó fún ẹgbẹ́ láti fi wọ sítúdíò wálẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn sítúdíò ńlá tó gbójú lé owó ojúmọ́ ń ti ìlẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba gìtá àti béèsì sílé. Ohun tí wọ́n ò lè ṣe nílé ni mix, ohun tí wọ́n sì ń wá nìyẹn. Ẹ padà wo àkójọ tí OkùnMéje kọ lókè: mélòó nínú rẹ̀ ni mix nìkan? Testament, Killswitch Engage, Opeth, Carcass. Colin Richardson ló ṣe pùròdúsà Surgical Steel, Sneap ṣe mix. Ọ̀nà méjì ló ń gbà jẹun, tí ọ̀kan bá gbẹ, èkejì á máa ṣàn.

Ohun kẹta ni gìtá fúnra rẹ̀. Hell, ẹgbẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ní gìtá, padà jọ ní 2008, ó ta gìtá nínú rẹ̀, òun náà ló sì ṣe Human Remains ní 2011. Ní oṣù kejì 2018, nígbà tí Glenn Tipton, onígìtá Priest, kéde pé àrùn Parkinson kò jẹ́ kí òun lè rìnrìn àjò mọ́, Sneap tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àwo wọn ni Priest mú gorí ìtàgé. Firepower jáde ní oṣù kẹta, ó sì wọ ipò 5 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà.

Riff_Kékeré

Ṣé wọn ò lé e ní 2022?

Akọ̀wé_Àpò

Ní oṣù kìíní ọdún yẹn ni Priest kéde pé ènìyàn mẹ́rin ni àwọn yóò máa jẹ́ lórí ìtàgé, láìsí Sneap. Àwọn olólùfẹ́ fárí gá, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi yí ọ̀rọ̀ padà. Ìtàgé nìkan lọ̀rọ̀ náà kàn. Sneap ló ṣe Invincible Shield fún wọn ní 2024.

Adélé_Áńpù

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ o. Ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ? Ní tèmi, etí ni, àti sùúrù. Ẹni tó lè gbọ́ 110 àti 111 Hz, tó sì ní kí onígìtá tún un ta fún ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún láìbínú, òun ló ń rí owó yẹn gbà.

ÀyànKìíṢiré

Onígìtá ló máa bínú, kì í ṣe òun.

Riff_Kékeré

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹgbẹ́ bá gba orin sílé tí wọ́n fẹ́ rán an lọ fún irú ènìyàn báyìí láti mix, kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú fódà?

Ìyá_Sọ́ńdì

WAV 24-bit, 48 kHz tàbí 44.1, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti òdo, àní bí gìtá náà bá wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe jù nìyẹn, ẹni tó gbà á á wá máa fi etí wá ibi tí solo ń gbé. Fáìlì MIDI ìyára orin. DI gìtá àti béèsì pẹ̀lú ohùn áńpù tí ẹ fẹ́ràn, kó lè mọ ibi tí ẹ ń lọ. Orúkọ fáìlì tó yéni: "Git_Osi_1", kì í ṣe "Audio_47". Ẹ yọ gbogbo plugin kúrò lórí rẹ̀, àfi èyí tó jẹ́ ara orin, bíi delay kan tí riff dúró lé. Mix tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe, kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Béèsì_Abẹ́lẹ̀

Àti ìlù tí wọ́n lù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yẹn, àǹtí. Fódà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìyá_Sọ́ńdì

Ẹ ṣeun. Ìlù ẹyọ kọ̀ọ̀kan, fódà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n kọ ìwọ̀n líle rẹ̀ sí orúkọ fáìlì.